Ìṣubú Tí Kò Pa Ẹnikẹ́ni: Níti Kíkan Ọkọ̀ Òfúrufú Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá dàgbà ní etí òkun Àgbádárìgì mọ̀ pé kò yẹ kí a gbé ọkọ̀ tuntun tí a kò tíì dán wò lọ sójú ìgbì. Inú ọ̀sà, níbi tí omi gbé parọ́rọ́, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tì í sí, kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò, tàbí bí ó bá ń tẹ̀ sí apá kan. Bí ó bá sì dojú dé níbẹ̀, ẹ̀rín ni a ó fi rín, kò ní di ẹkún. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí fara jọ èyí, èyíinì ni eré kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, nínú èyí tí wọ́n ń kan ọkọ̀ òfúrufú alábẹ̀bẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń wà á lọ sókè. Òbí mìíràn a máa bínú sí i, a ní ó ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òde òní nìkan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, Otto Lilienthal ará Jámánì, ẹni tí ó ti fi apá tí ó ṣe fúnra rẹ̀ fò láti orí òkè ní ìgbà púpọ̀, já lulẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Wilbur àti Orville Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní Amẹ́ríkà, gbọ́ nípa ikú rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún 1901 wọ́n kan àpótí gígùn kan, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì fi oríṣi apá kékeré bíi 200 síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1903, ọkọ̀ wọn gbéra, ó wà lófúrufú fún ìṣẹ́jú-àáyá 12, ó sì rin ẹsẹ̀ bàtà 120.

Lẹ́yìn wọn ni Edwin Link dìde ní ìlú Binghamton, ọmọ ẹni tí ń ṣe dùùrù ńlá. Ní ọdún 1929 ó mú ẹwìrì tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú dùùrù, ó fi ṣe àgọ́ kékeré kan tí ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọkọ̀ òfúrufú, ṣùgbọ́n tí kò kúrò nílẹ̀. Ohun ìṣeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn pè é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1934, nígbà tí a gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà lé àwọn ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà lọ́wọ́, tí àwọn kan nínú wọn sì ṣègbé nínú ìkùukùu àti òkùnkùn, ìjọba ra mẹ́fà. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, iye tí a ti ṣe ju 10,000 lọ.

Ọmọ-ọmọ àpótí Wright àti àgọ́ Link ni eré tí à ń sọ yìí. Èyí tí a ń pè ní X-Plane, tí Austin Meyer gbé jáde ní ọdún 1995, ní ilé ìkànkọ̀ kan nínú tí a ń pè ní Plane Maker. Ìṣirò ni ó gbé e ró. Ó ń gé apá ọkọ̀ àti abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, a sì máa wá agbára tí afẹ́fẹ́ ń sà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ní ìgbà púpọ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọmọ yín fẹ́ kan irú Air Beetle, ọkọ̀ kékeré tí Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfúrufú Nàìjíríà kàn ní Kàdúná, tí a fà yọ láti inú RV-6A ti Amẹ́ríkà, irú èyí tí àwọn ènìyàn lásán ti rà rí ní ẹyọ-ẹyọ láti tò pọ̀ nínú ilé wọn. Yóò kọ gígùn apá sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 23. Agbára ẹ́ńjìnnì, ti ẹṣin 180. Àti gígùn abẹ̀bẹ̀, àti ìwọ̀n ọkọ̀, àti ibi tí ìwúwo rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí.

Bí ó bá fi ìwúwo sẹ́yìn jù, ọkọ̀ yóò gbé imú sókè, afẹ́fẹ́ yóò ṣí kúrò lórí apá, ọkọ̀ yóò sì ṣubú bí òkúta. Bí ó bá tún èyí ṣe, yóò rí i pé ọkọ̀ ń yà sí òsì bí ó ti ń sáré lórí ilẹ̀, nítorí pé abẹ̀bẹ̀ tí ń yí sí ọ̀tún ń darí imú rẹ̀ síbẹ̀; ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò fi tẹ ìtọ́kọ̀ láti tọ́ ọ. Bí ojúkòkòrò bá mú un fi abẹ̀bẹ̀ gígùn sí i, yóò ha ilẹ̀. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá sì súnmọ́ eré tí ìró ń sá, ariwo ni yóò máa pa, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wá gún, yóò gbéra láti Ìkẹjà, nítorí kò sí pápá ọkọ̀ òfúrufú ní Àgbádárìgì. Yóò dorí kọ gúúsù títí yóò fi kan òkun, yóò yà sí ọ̀tún, òkun yóò wà ní òsì rẹ̀, ọ̀sà ní ọ̀tún, àti iyanrìn tóóró láàrin méjèèjì. Kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ láti rí etíkun bàbá rẹ̀ láti òkè, nínú ọkọ̀ tí òun tìkára rẹ̀ kàn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa wà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Eré yìí lè kọ́ ọmọdé láti wo ẹ̀yìn bí àgbà, bí a bá tọ́ ọ sọ́nà. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọkọ̀ bá já, ẹ bi í pé, “Kí ni ó mú un ṣubú?” Bí ó bá lè dáhùn, tí ó yí ohun kan ṣoṣo padà, tí ó kọ ọ́ sínú ìwé, tí ó sì tún dán an wò, ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́, ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò sì ní ìtumọ̀ lójú rẹ̀. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín sí ìjábá nìkan, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, àkókò ni ó ń fi ṣòfò, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti inú eré bọ́ sínú òfúrufú. Kọ̀ǹpútà kò mọ bóótù tí a kò dè dáadáa, ìwọ̀n tí a bá sì purọ́ fún un ni yóò gbàgbọ́. Ní ọdún 2007 Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ ní Kánò, fi àlòkù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe hẹlikópítà, gbogbo ayé sì gbọ́. A yin irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ gòkè láìsí ẹni tí ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ọ̀nà Lilienthal ni ó ń tọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfúrufú ti wà ní Sáríà láti ọdún 1964, òfin ìjọba sì wà lórí ẹni tí ó lè wakọ̀ lófúrufú. Kí ọmọ ṣubú nínú kọ̀ǹpútà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kí ó sì mọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó lọ kan ìlẹ̀kùn wọn.