Bí Ẹgbẹ́ Onílé Ṣe Di Káńsù ní Mówè àti Ìbàfò

Mo bi bàbá kan tó ń pọ́n àdá lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀fadà, ní Mówè, pé níbo ni ọ́fíìsì káńsù wà. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Tó bá jẹ́ ti iná, ti títì, tàbí ti olè, alága onílé ni kó o lọ bá. Owódé ni káńsù wà. Àwọn tó ń du ipò ló mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Bàbá ò purọ́. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ló ni Mówè àti Ìbàfò, Owódé Ẹ̀gbá sì ni ibùjókòó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Mówè lè lọ Èkó lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó dé Owódé lẹ́ẹ̀kan. Ìkànìyàn ọdún 2006 ní èèyàn 228,851 ló wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti dúró ní Ìbàfò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì á mọ̀ pé iye yẹn ti di ìtàn.

Kí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí lọ́dún 1978, oko àti abà àwọn Ẹ̀gbá ló pọ̀ jù nílẹ̀ yìí. Baálẹ̀ wà lábà, àmọ́ Abẹ́òkúta ni wọ́n ń pè nílé. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ tó bá tóbi ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọdún. Ìlú Ìfọ̀, nílẹ̀ Ẹ̀gbá bákan náà, ló tètè rí ìjọba sójú, nítorí ojú irin tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó lọ́dún 1896 gba ibẹ̀ kọjá. Ìjọba tí wọ́n rí náà kò dùn mọ́ wọn. Lọ́dún 1914 ni ìjọba Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira rẹ̀. Lọ́dún 1918 ni owó orí dé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń fi ipá kó ará oko ṣiṣẹ́ títì láìsanwó. Àwọn èèyàn hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù, sójà sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ogun Àdùbí nìyẹn. Ẹni tó ti fi ara ṣe títì ni wọ́n tún ní kó sanwó títì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn dé lọ́dún 1952, àtúntò ti ológun dé lọ́dún 1976, wọ́n ya Ìfọ̀ kúrò lára Ọ̀tà lọ́dún 1989, wọ́n tún yọ Èwékorò lára Ìfọ̀ lọ́dún 1996. Gbogbo rẹ̀ ò ju kí wọ́n máa gbé pátákó káńsù láti ibì kan lọ síbòmíràn.

Ẹgbẹ́ onílé ló wá ń ṣe iṣẹ́ káńsù. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Apá kan ní olè ló dá a sílẹ̀. Àwọn tó sá fún owó ilé Èkó wá ra ilẹ̀, wọ́n kó wọ ilé tí kò tíì ní fèrèsé, ilé kan níhìn-ín, òmíràn lọ́ọ̀ọ́kán. Olè ń bẹ̀ wọ́n wò lóru. Àwọn ọkùnrin wá pín alẹ́ láàárín ara wọn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, àdá lọ́wọ́ kejì. Ẹni tí kò lè jáde á mú owó wá, owó náà ni wọ́n fi gba ọdẹ. Apá kejì ní irọ́ ni, iná ló kó wọn jọ: òpó, wáyà àti tìráńsífọ́mà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dáwó rà, NEPA kàn wá so ó ni. Mo ti rí àgbàlagbà méjì tí wọn ò kí ara wọn mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ní òun lòun kọ́kọ́ gba ọdẹ. Èkejì ní inú òkùnkùn ni ọdẹ ọ̀hún ń ṣọ́ títí òun fi gbé òpó dé.

Èmi ò gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Olè kì í béèrè ẹni tó ni ilé kó tó wọlé, ayálégbé náà sì ń tan iná. Tó bá jẹ́ olè tàbí iná ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi pe onílé, tí wọn ò pe aráàdúgbò? Ìjà kan ṣoṣo ló kan onílé láìkan ayálégbé: ìjà ilẹ̀. Ẹbí kan tà á lónìí, ẹbí mìíràn tún un tà lọ́la. Ọmọ onílẹ̀ gba owó ìpìlẹ̀, ó tún padà wá gba ti òrùlé. Ọdún 2016 ni Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ṣòfin tó le lórí àwọn ajagungbalẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, rìsíìtì tí onílé kan ní kò lè dá a gbà; rìsíìtì ogún onílé ló ń dẹ́rù bani.

Àwòkọ́ṣe ìlú tó ń bójú tó ara rẹ̀ ò jìnnà sí àwọn onílé. Ilẹ̀ tí ìjọ Ridíìmù rà lọ́dún 1983 nítòsí Mówè di ìlú tó ń pèsè iná àti omi fún ara rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìlú lè dúró láìretí káńsù.

Ohun tí mi ò fẹ́ nínú ẹgbẹ́ onílé ni pé owó ti gba ipò ọ̀wẹ̀. Látijọ́, ẹni tí kò lówó á gbé ọkọ́ wá. Lónìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ ọkọ́ rẹ. Tí o ò bá sanwó, wọ́n á ti géètì mọ́ ọ sóde. Ayálégbé ń san owó ọdẹ, kì í sì í dé ìpàdé. Bí ti ayé Ogun Àdùbí náà ni: onílé tó fowó ara rẹ̀ da òkúta sójú títì ṣì ń san owó orí fún ìjọba.

Àwọn kan ní káńsù ò jẹ̀bi, pé àpò tí ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìpínlẹ̀ dì fún òun àti káńsù ni owó ń há sí. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé kí owó máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ìpàdé onílé tí mo bá wọn jókòó sí lẹ́yìn ìdájọ́ náà, kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Owó tìráńsífọ́mà ni wọ́n ń fà, àti bóyá ayálégbé kan tó ti pẹ́ ládùúgbò lè di akápò. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ akápò sí oṣù tó ń bọ̀.