Owó Tó Ń Gbé Ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé Ró

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ní ń gba Ìsokùn kọjá láì mọ̀ pé ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé wà. Apá kan igbó náà ti di igbó ọba láti 1936. Ní 1991 ni Ìjọba Àpapọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ahoro ìlú àwọn baba wa wà nínú rẹ̀.

Ìjọba ló ń san owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, òun náà ló ń ra epo ọkọ̀ wọn. Bí ìsúná bá dínkù, kò sẹ́ni tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ ti igbó o! Ẹ̀ṣọ́ ni yóò kọ́kọ́ dínkù. Ọdẹ àti agégẹdú yóò wọlé, ẹranko yóò tán, ọgbà kú nìyẹn. Omíyalé Ògùnpa ti 1980 ba ọgbà Agódi n'Ìbàdàn jẹ́; ó di 2014 kí wọ́n tó tún un ṣe tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹran ìgbẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má bínú sí mi: ẹ máa bi ọdẹ léèrè ibi tó ti pa á. Òfin kò gba ẹran inú ọgbà. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ àwọn aṣòfin wa tó wà l'Ábùjá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìsúná.