Ẹ̀kọ́ Àṣekágbá Onímọ̀ Ẹ̀rọ: Amóhùnmáwòrán, Rádà àti Ẹ̀rọ Díjítà

Ọdún márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún tí ó kẹ́yìn, ẹni tí ó yan ẹ̀ka ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì sábà máa ń bá iṣẹ́ mẹ́ta pàdé: iṣẹ́ amóhùnmáwòrán, iṣẹ́ rádà, àti bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀rọ díjítà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹrù tí kò bá ara wọn tan, tí a kàn gbọ́dọ̀ rù kọjá ẹnu ọ̀nà ìdánwò. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń béèrè pé, nígbà tí ayé ti di ayé fóònù àti kọ̀ǹpútà, kí ni a tún ń wá lọ sí ìdí amóhùnmáwòrán àtijọ́ àti rádà? Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, ó sì tọ́ kí a fi sùúrù gbé e yẹ̀wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú ilé-iṣẹ́ Bellview kan gbéra ní Ìkẹjà, ó dorí kọ Àbújá. Kò pẹ́ tí ó gbéra tí a kò fi gbúròó rẹ̀ mọ́. Ènìyàn 117 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìròyìn tí ó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ ní ọjọ́ kejì sọ pé agbègbè Kìṣí, ní òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, ni ọkọ̀ náà já sí. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti rí àwókù rẹ̀ níkẹyìn ni abúlé Lísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà púpọ̀ sí pápákọ̀ tí ó ti gbéra. Kò sí ẹni tí ó yè.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ yìí kan náà, ní Ibogun, ni ọgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2001. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá kọ ọ̀rọ̀ náà, rádà, sára pátákó ní Ibogun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun ni ó kọ. Ọ̀rọ̀ ilé ni.

Kí ni rádà? Gbohùngbohùn ni. Ẹni tí ó bá dúró kọjú sí àpáta ńlá, tí ó sì pariwo, yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà. Bí ohùn náà bá lo ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ó tó padà, ẹni náà lè mọ̀ pé àpáta wà ní nǹkan bí 340 mítà sí òun, nítorí pé ohùn ń rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àlọ àti àbọ̀ ni ó sì rìn. Ohun tí rádà ń ṣe kò ju èyí lọ. Ìgbì rédíò ni ó fi rọ́pò ohùn, ìgbì rédíò sì ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá wà ní 30 kìlómítà, ìgbì náà yóò rin 60 kìlómítà ní àlọ àti àbọ̀, àkókò tí yóò sì gbà jẹ́ ìdá 200 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, rádà ti bi ọkọ̀ náà ní ìbéèrè, ó sì ti gbọ́ èsì.

Oríṣi rádà méjì ni ó wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí a ṣàlàyé yìí: ó ń gbọ́ gbohùngbohùn láti ara irin ọkọ̀, yálà awakọ̀ fẹ́ tàbí ó kọ̀. Èkejì kì í dúró de gbohùngbohùn. Ó ń ké sí ẹ̀rọ adáhùn kan tí ó wà nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ àti bí ó ti ga tó lókè. Ní ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò rádà tí ó kárí orílẹ̀-èdè yìí, tí a mọ̀ sí TRACON. Rádà méjèèjì ni a gbé kalẹ̀ ní Èkó, Àbújá, Kánò àti Port Harcourt. Oríṣi kejì nìkan ni a gbé sí ibi márùn-ún mìíràn, Ìlọrin sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé rádà lè di ọkọ̀ tí ó ń já bọ̀ mú. Kò lè ṣe é. Ilẹ̀ ayé rí róbótó, ìgbì náà sì ń lọ tààrà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ jù, ìtẹ̀kọrọdọ ilẹ̀ yóò bò ó lójú rádà. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti rí i kẹ́yìn yóò wà nínú àkọsílẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn olùwákiri yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Lísà àti Kìṣí nìyẹn.

Nígbà tí ó bá kan amóhùnmáwòrán, ẹ̀kọ́ náà tún sún mọ́ ilé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Mowe àti Ibafo wà ní ojú ọ̀nà tí ó so Ìbàdàn mọ́ Èkó. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé bí a bá ṣe kọ ojú eríà sí ni àwòrán yóò ṣe dára sí. Nínú ètò tí a lò ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà 625 ni ó para pọ̀ di àwòrán kan, àwòrán 25 ni a sì ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlà 15,625 ni èyí jẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìlà kan ń gba ìdá 64 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú ìdá 64 yìí, nǹkan bí 52 ni a ń rí lójú ẹ̀rọ. Ìyókù ni ẹ̀rọ fi ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ méjèèjì ti pàdé. Ọ̀pọ̀ àgbà rántí òjìji tí í máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán: ènìyàn kan á di méjì, èkejì á sì ṣe bàìbàì ní apá ọ̀tún. Ohun tí ó fà á ni pé ìgbì kan wá tààrà láti orí òpó ilé-iṣẹ́, òmíràn sì kọ́kọ́ lọ kọlu òkè tàbí ilé gíga kí ó tó dé. Bí ojú ẹ̀rọ náà bá fẹ̀ ní 52 sẹ̀ǹtímítà, tí òjìji sì fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà sí àwòrán, a jẹ́ pé ìgbì kejì fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́, ó sì ti rin 300 mítà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ni a ń pe èyí bí kò ṣe rádà? Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí bàálù bá fò kọjá, tí àwòrán sì ń gbọ̀n: ara bàálù ni ìgbì ti ta padà. Ọgbọ́n yìí kan náà ni Robert Watson-Watt àti Arnold Wilkins lò ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, ọdún 1935, nígbà tí wọ́n fi ìgbì rédíò tí BBC ń tàn láti Daventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ̀ pé ọkọ̀ òfuurufú kan ń kọjá. Ohun tí a kà sí ìdíwọ́ fún agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni ó di ojú fún awakọ̀ òfuurufú.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ti díjítà, kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dojú bolẹ̀, kò sí ẹ̀kẹta. Láti inú ohun méjì péré tí a tò ní ipò mẹ́jọ ni Odù 256 ti jáde. Ní ti ẹ̀rọ díjítà, iná wà tàbí kò sí, a sì ń kọ ọ́ ní 1 tàbí 0. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ adáhùn inú ọkọ̀ òfuurufú ń sọ fún rádà ní ipò 12. Nítorí náà, ìdánimọ̀ 4,096 ni ó ṣeé ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni 7700, èyí tí awakọ̀ ń lò láti ké gbàjarè nígbà ewu.

Àǹfààní díjítà ni pé ó lè yẹ ara rẹ̀ wò. Bí a bá ní àmì méje láti fi ránṣẹ́, a lè fi ìkẹjọ kún un kí iye 1 tí ó wà nínú rẹ̀ lè máa jẹ́ iye tí a lè pín sí méjì dọ́gba nígbà gbogbo. Bí àmì kan bá yí padà lójú ọ̀nà, iye náà kò ní ṣeé pín dọ́gba mọ́, ẹni tí ó gbà á yóò sì mọ̀ pé irọ́ ti wọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí méjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọgbọ́n yìí kò ní rí i. Richard Hamming gbé ìlànà tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde ní ọdún 1950, èyí tí kò mọ àṣìṣe nìkan, ṣùgbọ́n tí ó tún ń tún un ṣe. Àwọn ìlànà tí ó wà ní ìran rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú amóhùnmáwòrán díjítà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù Kẹrin, ọdún 2016. Nínú amóhùnmáwòrán tuntun yìí, òjìji kò sí mọ́. Àwòrán yóò pé pérépéré. Bí ìgbì bá sì ti rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, àwòrán yóò pòórá pátápátá.

Àwọn tí wọ́n ní kí a yọ amóhùnmáwòrán àtijọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ní ẹ̀rí tiwọn: ẹ̀rọ náà ti ń kógbá sílé. Àwọn tí wọ́n ní kí ó dúró náà ní tiwọn: ojú lásán ni a fi ń rí àṣìṣe rẹ̀, ohun tí ojú bá sì rí ni ọkàn máa ń tètè gbà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí ó burú ni kí a kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìfi ìfà tí ó so wọ́n pọ̀ han akẹ́kọ̀ọ́.

Olùkọ́ tí kò ní rádà lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní rúlà kí ó fi wọn òjìji lójú àwòrán tí a ti gbà sílẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ láti Ìkẹjà dé Ifọ̀, kí wọ́n sì ṣírò bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ga tó kí rádà tó lè rí i. Ó lè ní kí wọ́n fi ohun èlò kéékèèké tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe ẹ̀rọ tí yóò ka àmì mẹ́jọ, tí yóò sì tan iná pupa bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ṣe èyí kò ní lo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ní ọjọ́ kan, òun ni yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ náà ní òru, tí ilé yóò ti sùn ní Mowe, ní Ibafo àti ní Lísà, tí ẹ̀mí àwọn tí ó wà lókè yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.