Ìhà Méjèèjì Ọ̀sà ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bí àyè bá gbà yín láti lọ wo Àgbádárìgì, ẹ má ṣe wo ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì nìkan kí ẹ sì padà wá sílé. Lóòótọ́, ilé náà yẹ ní wíwò. Àwọn oníwàásù C.M.S. ni wọ́n parí rẹ̀ ní 1845, òun ni a sì ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, gbé inú rẹ̀; láti Àgbádárìgì ni ó sì ti lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tí ó ti tún rí ìyá rẹ̀. Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, gúnlẹ̀ sí ìlú yìí kan náà ní 1850, kí ó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855.

Ṣùgbọ́n ọjà ẹrú Vlekete kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà sí Gberefu, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tọ ọ̀nà oníyanrìn tí àwọn ẹrú rìn dé etí òkun. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, nítorí ẹni tí ó mọ bí ìwé ti wọlé, tí kò mọ bí ènìyàn ti jáde, ààbọ̀ ìtàn ni ó mọ̀.