Bàbá Sàlá, Ọ̀gá Aláwàdà

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé ẹ̀rín kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ, àti pé ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ní láti mọ ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀kan pàtàkì nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Kí a tó lè mọ iyì iṣẹ́ tí ó ṣe, ó yẹ kí a mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn eégún alárìnjó ti ń lọ láti ìlú dé ìlú. Bí wọ́n bá pa idán tán, wọn a máa fi ẹ̀fẹ̀ sín ọ̀mùtí, àjèjì àti òyìnbó jẹ. Nígbà tí ó di 1944, Hubert Ògúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú, bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé ti òde òní ní Èkó, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré wọ̀nyí fi ń kó ènìyàn àti ẹrù káàkiri. Bí ọkọ̀ wọn bá wọ irú ìlú bí Èrúwà tàbí Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ariwo gbohùngbohùn a gba ìgboro kan, àgbẹ̀ a tètè ti oko dé, gbọ̀ngàn a sì kún fọ́fọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Moses Ọláìyá, a sì bí i ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Orin ni ó kọ́kọ́ mú ní iṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ olórin tí ó dá sílẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sunny Adé ti ń ta gìtá, kí òun náà tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí ó yá, Ọláìyá gbájú mọ́ eré, ó sì di olórí Ẹgbẹ́ Aláwàdà. Nínú eré àwọn aṣáájú rẹ̀, àwàdà dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Lọ́dọ̀ Ọláìyá, àwàdà ni odidi oúnjẹ.

Ní 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Níbẹ̀ ni òkìkí Bàbá Sàlá ti kàn. Ní àkókò náà, ilé tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán bá wà a di ilé gbogbo àdúgbò ní alẹ́ ọjọ́ tí Bàbá Sàlá bá ń ṣeré.

Ahun, afúnnu, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin: irú ẹni tí Bàbá Sàlá máa ń jẹ́ nínú eré nìyẹn. Aṣọ rẹ̀ nìkan tó ẹ̀rín. Awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú lọ. Táì tí ó so bí labalábá sí ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àyà rẹ̀. Aago ńlá tí a ń gbé ka orí tábìlì ni ó so mọ́ ọwọ́ bí aago ọwọ́. Àṣírí ẹ̀rín yìí kò ṣòro láti mọ̀: ohun tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe fújà ni ó mú, tí ó sì sọ di ńlá ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó bá ra aago tuntun a máa fẹ́ kí ayé rí i. Bàbá Sàlá so tirẹ̀ kí ẹni tí ó wà ní òkèèrè má ba à sọ pé òun kò rí i. Bí òǹwòran ti ń rẹ́rìn-ín rẹ̀, ara rẹ̀ gan-an ni ó ń rẹ́rìn-ín sí.

Olórí ẹgbẹ́ òṣèré ní iṣẹ́ púpọ̀ ní ọwọ́. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, a kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Olórí ni yóò sọ ìtàn, tí yóò pín ipò fún oníkálukú, òṣèré yóò sì wá ọ̀rọ̀ sí i ní ojú agbo. Bí ẹnì kan bá fi díẹ̀ pẹ́ kí ó tó dáhùn, ẹ̀rín ti kú nìyẹn. Ọwọ́ olórí yìí kan náà ni oúnjẹ òṣèré, epo ọkọ̀ àti owó gbọ̀ngàn wà.

Ní 1982, Bàbá Sàlá gbé sinimá rẹ̀, Ọ̀run Mọ̀ọ́rù, jáde. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí oníjìbìtì fi ọrọ̀ òjijì tàn jẹ títí ó fi di ẹdun arinlẹ̀. Owó ńlá ni sinimá náà gbà. Owó ìwọlé tí a ń gbà láti ìlú dé ìlú ni ó yẹ kí ó dá a padà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn olè fi dà á kọ sí orí fídíò, tí wọ́n sì ń tà á. Ẹni tí ó ti wò ó ní yàrá aládùúgbò rẹ̀ kò tún ní san owó gbọ̀ngàn mọ́. Báyìí ni gbèsè wọ oní-nǹkan lọ́rùn, tí ohun tí ó fi ṣe eré sì di òótọ́ mọ́ ọn lára. Ní 1988 ni ìjọba ṣe òfin tuntun láti dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti òṣèré, ṣùgbọ́n òfin kì í padà sẹ́yìn lọ san gbèsè.

Síbẹ̀, Bàbá Sàlá kò káwọ́ gbera. Ní 1983 ó gbé Ààrẹ Àgbáyé jáde, Moṣebọ́látán sì tẹ̀ lé e. Títí di ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018, tí ó papò dà, orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ ní ẹnu àwọn tí ó ti pa lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé iṣẹ́ ni àwàdà. Ó gba ọgbọ́n, owó àti òógùn ojú bí iṣẹ́ mìíràn. Èkejì kan àwa tí a ń wòran. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó wo fídíò olè nígbà náà ni ó kórìíra Bàbá Sàlá. Púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé epo ní àjà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.