Ifẹ̀-Ìjùmú: Ìlú Kékeré, Ìtàn Ńlá

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlú àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, Ilé-Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́-Ilé ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn ènìyàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Ifẹ̀-Ìjùmú, ìlú kékeré kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Síbẹ̀, ẹ̀rí tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ìtàn mọ̀ ti inú ihò àpáta kan jáde níbẹ̀.

Ilẹ̀ Okun ni Ìjùmú wà. Okun kì í ṣe orúkọ ọba tàbí ti ìlú. Ìkíni ni, òun ni a sì fi ń pe àwọn tí ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀: Ówé tí ó ni Kábà, Ìjùmú, Ìyàgbà, Bùnú àti Òwórò. Ilẹ̀ wọn wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Lókọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ilẹ̀ olókè ni; àpáta ńláńlá yọrí láàrin igbó àti ọ̀dàn, àwọn àgbẹ̀ sì ń gbin iṣu àti kọfí sí ẹsẹ̀ wọn.

Itaakpa ni orúkọ ihò àpáta náà. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn awalẹ̀pìtàn méjì, Allsworth-Jones àti Oyelaran, walẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rí òkúta tí a ṣá di ohun èlò, wọ́n rí àpáàdì àti èésan èkùrọ́, wọ́n sì rí egungun àgbọ̀n ènìyàn. Nígbà tí a ṣírò ọjọ́ orí wọn, ó tó nǹkan bí 2,200 ọdún. Àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ tí ayé ń wárí fún kò tíì tó 1,000 ọdún. Èyí já sí pé kí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó rọ àwọn orí wọ̀nyẹn, àwọn ènìyàn ti ń lo èso ọ̀pẹ ní Ìjùmú tipẹ́tipẹ́.

Kí ni a ó wá sọ sí ìtàn àwọn baba, èyí tí ó ní Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé Okun ti ṣí wá? Kò sí ìdí láti pe àwọn àgbà ní òpùrọ́. Ìdílé lè ti Ilé-Ifẹ̀ wá, oyè sì lè bá wọn wá; ṣùgbọ́n àlejò lè bá onílé nílé. Lóòótọ́, egungun kì í sọ èdè, a kò sì lè fi àgbọ̀n kan búra pé Yorùbá ni ẹni náà ń sọ. Ohun tí ó fi hàn ni pé ilẹ̀ náà kò ṣófo.

Ní 1976, onímọ̀ ìtàn Ade Obayemi ṣàlàyé pé àwọn ìlú kéékèèké bí irú ti Okun, tí kò sí lábẹ́ ọba ńlá kan, ni irú ìjọba tí ó ti wà kí àwọn ìjọba ńláńlá tó dìde. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Okun kì í ṣe ẹ̀yìn odi Yorùbá. Àwòrán ayé àtijọ́ ni.

Àìsí ọba ńlá náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ń kó wọn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Orí òkè àti inú àpáta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá sí. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kábà, wọ́n sì kọjú sí Bídà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ahoro sì ń pọ̀ lórí òkè.

Àwọn tí ó mọ orúkọ ahoro wọ̀nyí ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ. Bí a bá fọ́ àpáta fún iṣẹ́ títì láìwo inú rẹ̀, ohun tí ó fọ́ kò ṣeé lẹ̀ mọ́. Kí olùkọ́ kó ọmọ ilé-ìwé lọ bá àgbà, kí wọ́n kọ orúkọ òkè àti ahoro kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.