Ètò ojú ọjọ́: A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, iṣu kì í ta dáadáa, ọjà á sì gbówó lórí. Bí òjò bá tún wá rọ̀ lójijì, àwọn òkè olókùúta tó yí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó ká kì í fa omi mu. Ńṣe ni àgbàrá máa ń ya wálẹ̀ sójú títì àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń sá kòkó, ẹni tó ń yan gààrí, ẹni tó ń ta aṣọ, kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin àyípadà ojú ọjọ́ fún Nàìjíríà. Òfin náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè jẹ́ alága rẹ̀. Aṣojú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti iléeṣẹ́ aládàáni, àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Oníṣòwò kékeré lè tìtorí èyí sọ pé kò kan òun. Àṣìrò ni. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ibi tí gọ́tà yóò gbà àti ibi tí owó yóò kọ́kọ́ lọ.

Ní Isiolo lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn ará wọ́ọ̀dù ló ń yan ìgbìmọ̀ tiwọn, tí wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ojú ọjọ́ ṣe. Omi àti ilẹ̀ ìjẹko ni àwọn darandaran ibẹ̀ fi ṣáájú, nítorí àwọn ló mọ ibi tí ẹran ń sá lọ nígbà ọ̀dá. Lọ́dún 2021, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 150 mílíọ̀nù dọ́là láti mú irú ètò yìí káàkiri Kẹ́ńyà.

Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà náà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan: ọjọ́ tí àgbàrá wọ ṣọ́ọ̀bù, ibi tó gbà wọlé, iye ọjà tó bàjẹ́. Kí wọ́n gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ wọn kó tó di pé wọ́n ṣètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó jókòó sí Àbújá tàbí Àkúrẹ́ kò lè mọ gọ́tà tó dí, àfi bí ẹni tí omi ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá sọ fún un.